Wọ́n Jẹ, Wọ́n Sì Ṣe: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Ọjà-Gbòòrò

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Mo kí yín lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ ti wáṣẹ́ lọ sí Èkó àti Àbújá. Ara mi le díẹ̀. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá forí kanlẹ̀ nínú ìrun, àtidìde a di iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó gbé mi jókòó ti bébà, nítorí ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí n kò sùn dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé Sátidé ọjọ́sí ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ ti gbọ́ ọ lórí WhatsApp, ẹ sì ti fi tiyín kún un. Owó tíráńsífọ́mà tí ilé kọ̀ọ̀kan dá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún náírà, títí kan opó tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá mọ́sálásí, kò sí lọ́wọ́ akápò ẹgbẹ́ àdúgbò wa mọ́. Ọmọ tí gbogbo wa fọwọ́ sí ni o. Ọmọ tó kàwé, tó ń bá wa to ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà wáàsí, tí ìrun Àsùbáà kì í fò. Wọ́n bi í léèrè owó, ó ní òun yá a lò ni. Wọ́n bi í pé kí ló fi ṣe, ó dákẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá jẹ́wọ́ pé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù orí fóònù ló gbé e mì.

Èyí kọ́ ló gba oorun lójú mi. Ọmọ tó jí owó ẹgbẹ́, a ti rí irú rẹ̀ rí, a ó sì tún rí i. Ohun tó sọ nígbà tí Alájì alága bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí ló wọ̀ mí lára bí ọfà. Ó dìde, kò tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, ta ni kò jẹ nínú àwọn tí ẹ̀ ń ṣe fìdáù fún lọ́dọọdún? Wọ́n jẹ, wọ́n sì ṣe. Èmi ni mo sáré ra wáyà lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo gun òpó nínú òjò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo jẹ, mo sì ṣe.”

Àwọn kan nínú yín pàtẹ́wọ́.

Mo rí ojú yín. Mo mọ ilé tí ẹ ti jáde wá. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ kò ju méje lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá wọn wí. Àwa àgbà ńkọ́? A dákẹ́. Alájì ń wo ilẹ̀. Èmi ń ka tẹ̀sùbáà, bẹ́ẹ̀ n kò mọ iye tí mo kà. Bí ẹ bá rò pé sùúrù ló pa wá lẹ́nu mọ́, ẹ tan ara yín jẹ. A kò ní èsì ni.

Ọmọ náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní Ìlọrin yìí, tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni ọkàn ń lọ bí kò ṣe ọ̀dọ̀ Olóyè? Dókítà Olúṣọlá Sàràkí, Wàsírì Ìlọrin. Wọ́n kú ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2012. Ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síléèwé nígbà náà. Ẹ kò mọ̀ wọ́n. Orin ìdìbò lẹ fi mọ̀ wọ́n: orin àwọn tó ń yìn wọ́n bí ẹni pé málékà ni wọ́n, àti ariwo Ó Tó Gẹ́ tí àwọn alátakò ilé Sàràkí pa nígbà ìdìbò ọdún 2019, tó sọ gbogbo ohun tó ń jẹ́ Sàràkí di èérí tí a ní láti gbá dànù. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi nínú méjèèjì.

Oníṣègùn ni wọ́n, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kàwé. Lọ́dún 1979 wọ́n wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, wọ́n sì di aṣáájú àwọn sẹ́nétọ̀. (Ẹ má máa pè wọ́n ní ààrẹ ilé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín lẹ́ẹ̀méjì. Joseph Wayas ni ààrẹ ilé nígbà náà. Bùkọ́lá ọmọ wọn ló wá jẹ ààrẹ ilé, ìyẹn ní 2015.) Tálákà Ìlọrin lè rìn wọlé wọn. Ẹ kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nígbà tí ẹni tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀ ní Kàdúná, olú-ìlú Àríwá àtijọ́, kò lè rí iṣẹ́ kọ̀wé gbà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, a máa lọ sí Ilé Arúgbó, ibi tí Olóyè ti ń pín owó àti oúnjẹ fún àwọn arúgbó. Èmi ni mo ń gbé wọn lọ lórí alùpùpù mi, tí wọ́n á dì mí mú ní ìbàdí bí ẹni tó ń gun ràkúnmí. Lọ́jọ́ kan tí Iléyá kù fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n jáde tòun ti owó wọn, wọ́n so ó mọ́ etí ìró. A dé orí afárá Aṣá, wọ́n ní kí n dúró. Mo rò pé nǹkan já bọ́ ni. Wọ́n tú etí ìró, wọ́n ka owó, wọ́n tún so ó. A dé ọ̀nà Ọjà-Ọba, wọ́n tún ní kí n dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ka owó kan náà kí a tó délé, kì í sì í ṣe pé ó pọ̀. Wọ́n ní, “Ẹni tó rántí mi nìyí.” Wọ́n gbàdúrà fún Olóyè títí ẹnu wọn fi gbẹ. Ọmọ bíbí inú wọn méjì wà ní Èkó.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé ọkùnrin náà kò ṣe nǹkan kan, n ó ní kó lọ sin Ìyá Àgbà kó tó padà wá bá mi sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o. Ọjọ́ tí ìjọba wó Ilé Arúgbó náà, ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n ní ilẹ̀ ìjọba ni, wọ́n ní ilé ìwòsàn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ibẹ̀ wà fún tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá arúgbó ti sun ibẹ̀ mọ́jú kí katakata má baà débẹ̀. Àwọn kan nínú yín jó, àwọn kan sunkún. Wọ́n bi mí pé apá wo ni mo wà. Mo ní apá Ìyá Àgbà ni mo wà. Wọ́n ní kí n là á yé àwọn, mo ní kí wọ́n lọ sùn. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín báyìí. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni ẹnìkan fi ń sọ ẹni tí yóò ṣe gómìnà Kwara, tó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Adámù Attah ní 1979. Nígbà tí àárín wọn dàrú, ní 1983, Olóyè tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú NPN gbé ọmọ Ìgbàjà, Cornelius Adébáyọ̀ ti ẹgbẹ́ alátakò UPN, wọlé. Oṣù mẹ́ta péré ló lò kí sójà tó dé. Mohammed Lawal ní 1999. Lawal náà kò wu wọ́n mọ́, ó di Bùkọ́lá ọmọ tiwọn ní 2003. Ní 2011 wọ́n fẹ́ gbé ọmọbìnrin wọn wọlé lábẹ́ ẹgbẹ́ ACPN, ọmọkùnrin wọn ní rárá, ó gbé Abdulfatah Ahmed, ẹni tí ọmọ gbé sì lu ẹni tí bàbá gbé mọ́lẹ̀. Ilé kan ṣoṣo, ìpínlẹ̀ odindi ń wo ẹnu wọn. Tí irú agbára yẹn bá wà lọ́wọ́ ènìyàn fún ọdún tó tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Ìyá Àgbà ṣì fi ní láti gun alùpùpù mi lọ tẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n tó ra ata Iléyá?

Kí n má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ilé ìfowópamọ́ Société Générale tí Olóyè jẹ́ alága rẹ̀. Ó dẹnukọlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ sì fi ọ̀pọ̀ ọdún pààrà láìrí owó wọn. N kò ní sọ ohun tó wà nínú ìwé tí n kò ṣí wò. Mo kàn mọ̀ pé owó ènìyàn ni owó ènìyàn.

Ó dára. Ẹ̀yin ń bi mí pé, bàbá, ṣé ẹni rere ni tàbí ẹni burúkú? Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń bí mi nínú! Bí ẹ bá ti ń béèrè báyìí, ẹ ti gba ọ̀nà akápò lọ. Nítorí ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni iye kan ṣoṣo, kí ẹ kó rere àti búburú sínú mùdù kan, kí ẹ mì í, kí ẹ wo èyí tó léfòó.

Ẹ̀wà ni ìyá mi ń tà ní Ọjà-Ọba. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àpò tí wọ́n bá gbé wálé, wọn kì í gbé e lọ sọ́jà lọ́gán. Wọ́n á da díẹ̀díẹ̀ sínú atẹ, wọ́n á fẹ́ ẹ lẹ́nu ọ̀nà kí ìyàngbò fò lọ, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Òkúta sí ọ̀tún, ẹ̀wà sí òsì, èyí tí kòkòrò ti jẹ sínú agolo. Èmi ni mo ń mú àtùpà dání. Àwọn oníbàárà wọn kì í tún ẹ̀wà ṣà bí wọ́n bá délé. Lọ́jọ́ kan mo ní kí a fi òkúta kéékèèké sílẹ̀, pé ẹ̀wà ti pọ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n ní, “Eyín ìwọ ni yóò kọ́kọ́ bá a pàdé.” Wọ́n sì fi ẹ̀wà tí n kò ṣà dáadáa se oúnjẹ alẹ́ fún mi, fún èmi nìkan. Títí di òní, eyín apá òsì yìí kò gbádùn.

Wọn kò da ẹ̀wà nù nítorí òkúta o. Ebi ì bá pa wá. Ṣùgbọ́n n kò rí ọjọ́ kan tí wọ́n ní, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀wà ti wà níbẹ̀, òkúta náà ti di ẹ̀wà.

“Wọ́n jẹ, wọ́n sì ṣe.” Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà láàárín yẹn, “sì” yẹn, òun ló ń pa wá. Àwa àgbà la kọ́ yín. À ń sọ ọ́ nídìí ayò, à ń sọ ọ́ níbi ìkómọ, à ń rẹ́rìn-ín sí i. A rò pé olóṣèlú là ń sọ̀rọ̀ bá. A kò mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sẹ́yìn wa ń kọ́ ọ sórí bí ẹni tó ń kọ́ Yáásìn.

Alùfáà kan ti fèsì fún mi tẹ́lẹ̀, ní ọjọ́ kejì ìpàdé. Ó ní Ànábì ní kí á máa sọ rere àwọn òkú wa. Òótọ́ ni. Èmi náà kì í bú òkú, ẹ má sì jẹ́ kí n gbọ́ pé ẹ lọ bú òkú lójú ọmọ rẹ̀. Ìwà ẹrú ni. Ṣùgbọ́n alùfáà yẹn kan náà, bí a bá gbé òkú síwájú wa láti kírun sí i lára, kí ni ìdílé kọ́kọ́ máa ń kéde? Ẹni tí òkú yìí bá jẹ ní gbèsè, kó wá bá wa. Ẹ ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà. Wọ́n mú òkú kan wá sọ́dọ̀ Ànábì, wọ́n ní ó jẹ gbèsè, Ànábì kò kírun sí i lára títí ẹnìkan fi gba gbèsè náà sọ́rùn. Ṣé òkú náà kò ṣe rere kankan láyé ni? Ó dájú pé ó ti kírun, ó ti gbààwẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó fi ìyẹn san owó olówó.

Ẹ gbọ́ o, mo ti ń pariwo, ìyàwó mi ti ń wo mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n mu omi.

Mo ti mu omi.

Bàbá mi jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Tálákà Parapọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí àwọn mẹ̀kúnnù Ìlọrin bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group ti Awólọ́wọ̀, ṣe nítorí owó orí àti ìyà. Owó ẹgbẹ́ ni bàbá mi ń san, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí olóṣèlú bá wá sí àdúgbò, àwọn ni wọ́n ń fún un lóúnjẹ. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Lónìí, bí wọ́n bá ní ẹnìkan ń bọ̀ láti wá polongo, ẹ ó ti gbé àpò wá kí ó tó gbé ìrẹsì dé. Ìdìbò ń bọ̀. Ẹ gba ìrẹsì yẹn bí ẹ bá fẹ́, n kò lè pa yín lébi, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ti ẹnu yín wá lẹ́yìn ọdún mẹ́rin pé ó ṣe. Ìrẹsì kì í ṣe iṣẹ́. Omi ẹ̀rọ ni iṣẹ́. Tíṣà tó wà ní kíláàsì ni iṣẹ́.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ kan po láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì lè ti mọ̀ ọ́n. Mo ní a kò ní èsì fún akápò. Irọ́ ni. Mo ní èsì. Ojú ló tì mí.

Ní 1984, nígbà tí sójà ti gba ìjọba, tí ṣúgà àti mílíìkì di ohun tí ènìyàn ń tò fún láti ilẹ̀ mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ́ńkò, èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn ará àdúgbò kan sílẹ̀. Akọ̀wé kékeré ni mí, wọ́n rí i pé ọwọ́ mi mọ́ nínú ìwé kíkọ. Láti ìdájí ni mo ti ń dúró nínú oòrùn. N kò jẹun. Mo yanjú ìjà, mo gbé arúgbó síwájú, mo lé àwọn ìpáǹle tó fẹ́ fò sórí ìlà. Gbogbo ènìyàn ń yìn mí. Nígbà tó di ọ̀sán, mo kọ orúkọ mẹ́ta sí i. Ọ̀kan ni ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Mo gbé agolo mílíìkì mẹ́fà wálé pẹ̀lú ṣúgà àti ọṣẹ, inú mi sì dùn.

Ìyá mi wo àwọn agolo náà. Wọ́n ní, orúkọ ta ni wọ́n fi fún ọ? Mo ṣàlàyé. Mo ní láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣe wàhálà fún àwọn ènìyàn, kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀. Wọ́n ò jà. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú bàsíà, wọ́n gbé e rù, wọ́n ní kí n máa bọ̀. A padà dé ibi ìlà. Ọjà ti tán, wọ́n ti ń gbálẹ̀. Obìnrin kan tó gbé ìkókó pọ̀n ṣì dúró níbẹ̀, kò rí nǹkan kan gbà. Ìyá mi sọ bàsíà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi ló bá yín gbé e pamọ́.” Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ mi o! Ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi, wọn ò kàn sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi tó ń ka bébà yìí lẹ́yìn mi báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ náà ni akápò tú sílẹ̀ níwájú wa ní Sátidé. Bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́.

Ìyá akápò wá sílé mi lálẹ́ Mọ́ńdè. Ó gbé owó wá nínú ọ̀rá, ó ní òun ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ òun, pé kí n bá òun fi bẹ àwọn àgbà. Mo dá owó náà padà. Òun kọ́ ló jẹ ẹ́. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ra ẹ̀rọ náà kó bá mi wá a, kó má tíì tún un tà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń pe obìnrin yẹn ní ìyá olè lójú ọ̀nà, mo ti gbọ́ orúkọ méjì nínú yín. Ẹ dẹ́kun rẹ̀ kí n tó wá sílé yín.

Láti ìsinsìnyí, ẹni méjì ni yóò máa buwọ́ lùwé kí owó ẹgbẹ́ tó jáde ní báńkì. Kì í ṣe nítorí akápò nìkan. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ẹ fi ẹni kejì tì mí.

Ìpàdé mìíràn yóò wáyé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, lábẹ́ igi níwájú ilé Alájì. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ mílíìkì ni n ó sì sọ. Kí akápò wá. Kó má rán ìyá rẹ̀, kó má rán ọ̀rẹ́. Yóò sọ iye tó lè máa san lóṣooṣù, a ó sì gbọ́ ọ. Bí iná bá bàjẹ́ lórí òpó lọ́jọ́ kejì, òun náà la ó pè, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú yín tó mọ̀ ọ́n gùn.

Kí akọ̀wé mú ìwé ńlá wá, kó ya ojú ewé méjì sọ́tọ̀ fún ọmọ náà. Akápò, bá mi wá rìsíìtì wáyà ọdún tó kọjá, kí o mú un dání. A ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, sójú ewé tirẹ̀.

Èmi ni bàbá yín,
ilé tó kọjú sí kànga, Ọjà-Gbòòrò, Ìlọrin.